Ọwọ́ Mi Lórí Sọ̀wédowó Ìyá Mi

Tí mo bá ní nǹkan láti rà ní àdúgbò Post Office, ní Ìlọrin, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni mo máa ń gbà yọ, kí n má baà gba iwájú báńkì kan báyìí kọjá. Àwọn ọmọ mi rò pé oòrùn ni mo ń sá fún. Oòrùn kọ́ o! Inú ló ń bí mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ bí mo bá fojú kan ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn, orí mi á gbóná, n ó sì máa sọ̀rọ̀ sí ara mi lójú títì bíi wèrè. Torí náà, mo kúkú ń gba ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ìyá mi jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ilé àáfà ni wọ́n bí i sí, nínú Ìlọrin àtijọ́. Bàbá rẹ̀ a máa kọ́ àwọn ọkùnrin ní kéú lọ́ọ̀dẹ̀, òun a jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa ṣa ẹ̀wà, á sì máa gbọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i pé ọmọ tó ń ṣa ẹ̀wà ti há ohun tí àwọn ọkùnrin ń kọ́ sórí, ó gbé wàláà lé e lọ́wọ́. Báyìí ló ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Háà, ọwọ́ ìyá mi dára! Àwọn àáfà tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí máa ń gbé ìwé wá sílé wa kó bá wọn dà á kọ, wọ́n á sì fi páálí ṣúgà dúpẹ́. Láàárọ̀, ó máa ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní kéú. Lọ́sàn-án, á wọ mọ́tò lọ sí Oke-Oyi láti wo àgbò rẹ̀.

Àgbò ni òwò ìyá mi. Ó máa ń ra àwọn kékeré, àwọn ìbátan wa tó ń dáko ní Oke-Oyi á máa bá a sìn wọ́n, á wá tà wọ́n tí Iléyá bá kù díẹ̀. Owó àgbò yìí ló fi rán mi lọ sí ilé-ìwé òyìnbó. Èmi ni mo fi kéú sílẹ̀ fúnra mi, nígbà tí mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa bọ́ mi. Kò bá mi jà. Ó san owó ilé-ìwé títí mo fi di tíṣà, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tó ń fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá mi ní tiwọn, Mẹ́kà ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn fẹ́. Bí owó wọn bá ti fẹ́ pé, owó ọkọ̀ á tún gòkè. Wọ́n kú láìlọ. Kí wọ́n tó kú, wọ́n di ọwọ́ ìyá mi mú, wọ́n ní, "Tí o bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, má gbàgbé mi." Ohun tí àwa Mùsùlùmí mọ̀ sí èyí ni pé ẹni tó wà láàyè lè ṣe hájì lórúkọ ẹni tó ti kú. Àwọn èèyàn wà ní Mẹ́kà tí wọ́n ti ṣe ti ara wọn rí, tí èèyàn lè sanwó fún kí wọ́n ṣe é fún òkú rẹ̀. Ohun tí ìyá mi gbé sọ́kàn nìyẹn. Òun á lọ, òun á sì sanwó fún ẹni tó máa ṣe ti bàbá mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú owó náà, àgbò kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó fi máa pé, a ti wọ àwọn ọdún 1990, náírà sì ti di yẹ̀yẹ́.

Ó san ti ọkọ̀ àti ilé gbígbé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ní GRA. Ó wá ku dọ́là tó máa mú dání. Àwọn tó lọ ṣáájú ti dẹ́rù bà wá pé àwọn olè ń fi abẹ la àpò èèyàn níbi tí èrò bá ti pọ̀, pé sọ̀wédowó arìnrìn-àjò ló dára, èyí tí báńkì máa ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń buwọ́ lù ú. Ẹni tó ni ín á buwọ́ lù ú lókè níwájú akọ̀wé báńkì nílé, á tún buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ níwájú ẹni tó máa bá a ṣẹ́ ẹ lọ́hùn-ún. Bí ọwọ́ méjèèjì bá bára mu, wọ́n á sanwó. Bí wọn ò bá bára mu, bébà lásán ni. Márùn-ún ni ìyá mi fẹ́ rà, ọgọ́rùn-ún dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta jẹ́ ti hájì bàbá mi, méjì jẹ́ ti oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a lọ gbà á, báńkì kún fọ́fọ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi ìborùn àti fìlà fẹ́ ara wọn. A dúró títí ẹsẹ̀ ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà tó kàn wá, ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn káńtà, tó fi táì de ara rẹ̀ lọ́rùn. Kò wo ìyá mi. Èmi ló ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, torí ó rí báàgì tíṣà lọ́wọ́ mi. Inú mi sì dùn sí i, ẹ ò rí i bí? Inú mi dùn pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ti fọ́ọ̀mù sí wa. Ìyá mi gba báírò, ó gbé e sí apá ọ̀tún bébà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ní Lárúbáwá, jẹ́jẹ́, láìyára. Kò tíì kọ ọ́ tán tí ọmọkùnrin náà fi bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá! Kí lèyí? Tírà kọ́ là ń kọ níbí o, báńkì ni!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa gbọ́. Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Inú ọmọkùnrin yìí wá dùn pé òun ti rí ẹni tó ń wo òun. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó o, Màmá fẹ́ sọ káńtà mi di ilé àáfà."

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi náà ṣe. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Wàlláhì, èmi tí owó àgbò rán níléèwé, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ará oko ni mí.

Ó wò mí, ó ní, "Sístà, ṣé Màmá mọ̀wé ṣá?"

Mo ní, "Rárá. Ìyá mi ò mọ̀wé."

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó rọra gbé báírò náà sílẹ̀, ó sì fi etí ìborùn nu yíǹkì tó ta sí i níka. Èmi ni mo sún mọ́ káńtà.

Akọ̀wé yìí ní, "Kò sí wàhálà. Ẹ bá wọn sáìn ín. Ẹ ṣáà kọ orúkọ wọn."

Mi ò kúkú ya òmùgọ̀ tán. Mo bi í pé, "Tí wọ́n bá débẹ̀ ńkọ́, tí ẹni tó máa ṣẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n tún un sáìn?"

"Ẹ kọ́ wọn nílé. Kí wọ́n máa ya á bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ta ló máa ráyè wò ó lọ́hùn-ún, nínú èrò yẹn? Ẹ jọ̀ọ́ Sístà, àwọn èèyàn ń dúró."

Ó mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni! Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sanwó oṣù fún un, pé ẹni tó ni sọ̀wédowó ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ní èdè yòówù kó jẹ́. Lárúbáwá tí ìyá mi kọ, ọwọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè kọ ọ́ bíi tirẹ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ láti ronú ni. Ó sì wù ú kó fi obìnrin àgbà ṣẹ̀sín kọ́jọ́ lè tètè lọ. Mo buwọ́ lu márààrún, mo tilẹ̀ fi ìrù gígùn sí i lẹ́yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe sórí káàdì èsì ìdánwò.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí bàálù wọn gbéra. Ọjọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni mo fi kọ́ ìyá mi ní bó ṣe máa ya ọwọ́ mi. Ó gbé wàláà kalẹ̀, ó po tàdáwà, ó sì fi kálámù tó fi ń kọ Kùránì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́tà òyìnbó láti òsì sí ọ̀tún. Ó bi mí pé, "Èyí tó ká kò bí ejò yìí, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Èmi sì ń pariwo mọ́ ọn. "Ìyá, ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì ni mo wí! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn!" Bí mo ṣe ń pariwo mọ́ ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù ni mo ṣe ń pariwo mọ́ ìyá tó bí mi.

"Mo gbọ́, tíṣà," ló ń dá mi lóhùn, á sì nu wàláà, á tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ṣé wọn ò mọ Lárúbáwá kà ní Mẹ́kà ni?" Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe wí bẹ́ẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, báńkì òyìnbó ló nìwé yìí, kì í ṣe báńkì Lárúbáwá." Ẹ ẹ̀ rí ìdáhùn ọ̀mọ̀wé! Tí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ara mi létí.

A sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìlọrin. Ó so àpò kékeré kan mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ, àwọn sọ̀wédowó náà wà níbẹ̀. Ó ní ká má sunkún, a sunkún. Lẹ́yìn náà, bàálù gbéra.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ hájì tó máa ń bá bàálù òfìfo padà wálé láti kó àwọn èrò tó kù kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án. Ó mú bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin fún mi. "Ìyá yín ní kíákíá ni o," ló wí, ó sì lọ.

Mo tú u. Lẹ́tà Lárúbáwá ló kún ojú ìwé náà láti òkè délẹ̀. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ṣe máa ń kọ Yorùbá, tí wọ́n á fi lẹ́tà Kùránì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè kà á. Mo mọ álífù, mo mọ báù, mo mọ díẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó tán. Èmi tí mo ní ìwé-ẹ̀rí lára ògiri, ìyá mi kọ lẹ́tà sí mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí adití. Mo gbé e, mo sáré wọ ilé kejì lọ bá ìyàwó àbúrò bàbá mi, obìnrin tí kò tẹ ilé-ìwé òyìnbó rí, tí ìyá mi kọ́ ní kéú. Ẹ̀pà ló ń yan. Ó nuwọ́, ó gba ìwé náà, ó sì kà á geere bí ẹni ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi, mo kí ọ, ara mi le. Mo gbé ìwé owó lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣẹ́ owó nítòsí Mọ́sálásí. Ó ní kí n buwọ́ lù ú, mo ya á bí o ṣe kọ́ mi. Ó gbé e wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkè, ó ní kò jọ. Mo ya á sórí ìkejì, ó ní kò jọ. Ó ní kí n dá ọwọ́ dúró kí n má ba ìyókù jẹ́. Ó bi mí pé kí lorúkọ mi, mo gba gègé rẹ̀, mo kọ orúkọ mi sórí bébà lásán. Ó wò ó títí. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó. Ó ní ta ló kọ́ mi, mo ní bàbá mi ni. Ó ní bó bá ṣe irú ọwọ́ yìí ló wà lókè ni, òun ì bá ti sanwó fún mi. Ó ní ta ló wá kọ ti òkè, mo ní ọmọ mi ni. Ó ní kí ọmọ mi wá."

Ìyàwó àbúrò bàbá mi gbójú sókè wò mí. Mo ní, "Ẹ máa kà á."

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta míì, bákan náà ni gbogbo wọ́n wí. Má dààmú nípa oúnjẹ, àwọn tí a jọ wà nínú yàrá ń fún mi jẹ. Ti bàbá yín ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó máa bá wọn ṣe hájì ti wà, owó ló ń dúró dè. Tí a bá ti jáde lọ sí òkè Árífà fún hájì láìsanwó fún un, ó bọ́ nìyẹn. Bá mi wá ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, owó gidi, kì í ṣe ìwé. Fi rán ẹni tó bá wà nínú bàálù tó kẹ́yìn láti Ìlọrin."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí bàálù tó kẹ́yìn gbéra. Owó oṣù wa kò sì tíì jáde. Kàkà kí n gba Oke-Oyi lọ ní tààrà, báńkì ni mo gbà lọ. Mo ṣì gba báńkì gbọ́, ẹ ò rí ayé mi? Mo rò pé wọ́n á tẹ ẹnì kan láago, wọ́n á ní àṣìṣe tiwọn ni, wọ́n á bá mi tún un ṣe.

Ọmọkùnrin onítáì wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Sístà, mi ò mọ̀ yín rí."

Mo ní, "O ò mọ̀ mí? Ìwọ tó ní kí n sáìn ín fún ìyá mi?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lẹ̀ ń sọ lẹ́nu yìí? Ẹ sáìn ìwé owó ẹlòmíì, ẹ tún wá ń pariwo ẹ̀ ní báńkì. Ẹ máa lọ sílé."

Yárábì! N kò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ kọjá orí káńtà. Táì yẹn ni mo bá lọ́wọ́ mi. Mo ń pariwo pé, "Aláìlójútì! O fi ìyá mi ṣẹ̀sín, o tún fẹ́ fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà mí! Ìwọ lo ní kí n ṣe é, ìwọ yìí náà!" Mẹ́gáàdì ló wá fà mí kúrò. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Tíṣà, ẹ fiyè dénú," torí àwọn kan mọ̀ mí. Mánẹ́jà jáde, ó fohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì, òun á wo ọ̀rọ̀ náà. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní mánẹ́jà ti lọ sí mítíìnì. Mo jókòó títí ó fi di ọ̀sán gangan, wọ́n wá ní kí n kọ lẹ́tà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Èkó. Lẹ́tà! Ìyá mi ń ka ọjọ́ ní Mẹ́kà, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ méjì ti lọ nìyẹn. Mo wọ mọ́tò lọ sí Oke-Oyi. Àgbò mẹ́ta ló kù fún ìyá mi, tó ní kí wọ́n máa bá òun sìn. Mo ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ yẹn, mo fi owó tí mo ní nílé kún un. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo lọ bá àwọn Hausa tó ń ṣẹ́ dọ́là lábẹ́ igi. Ọ̀kan nínú wọn wo ojú mi, ó ní, "Hajia, ṣé owó Mẹ́kà ni?" Mo ṣe bí òmùgọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ẹsẹ̀, owó gbẹ́nu sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí báńkì fi tà á fún ìyá mi. Mi ò ráyè ná an. Mo kó dọ́là ọ̀hún sínú kọ́mú, mo gun ọ̀kadà, mo ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà pé kó sáré, kó sáré.

Nígbà tí mo dé pápákọ̀, àwọn ìdílé tó wá sin èèyàn wọn ló ń ká ẹní. Mo bi obìnrin kan pé bàálù dà. Ó ní ó ti lọ látìgbà tí wọ́n kírun Àsúbàá, wọ́n fà á síwájú. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀, kí ni n ó purọ́ fún?" Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú èèyàn. Mo bú báńkì, mo bú táì, mo bú Hausa onídọ́là, mo bú àwọn tó fa bàálù síwájú. Nígbà tí mo bú gbogbo wọn tán, ó ku èmi.

Ìyá mi dé lẹ́yìn Iléyá. Ilé kún. Wọ́n ń kí i, "Àlhájà, ẹ kú àbọ̀! Àlhájà, ẹ kú ewu!" Mo ṣàkíyèsí pé kò dáhùn. Bí wọ́n bá ní "ẹ kú àbọ̀", á ní "ẹ ṣeun". Bí wọ́n bá ní "Àlhájà", á yíjú sí ibòmíràn. Nígbà tí èrò dínkù, mo tẹ̀ lé e wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, owó yẹn, bàálù ti lọ kí n tó..."

Ó ní, "Dìde. Mo ti ṣe é fún wọn."

"Owó dà tí ẹ fi ṣe é?"

"Kò sówó. Èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí a fẹ́ jáde lọ sí Árífà, tí oníkálukú ń dá àníyàn tirẹ̀, orúkọ bàbá yín ni mo fi dá tèmi. Gbogbo rẹ̀, àwọn ni mo ṣe é fún."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Mo ní, "Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Àwọn àáfà kan ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe tèmi. Àwọn míì ní bó tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ mi. Mo mú ti àwọn tó ní á gbà á." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀. "Èmi ò tíì lọ Mẹ́kà. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ ló dùn mí jù, bí ẹni tó ní òun ò tíì lọ sọ́jà lónìí. Mo wá bínú sí òun gan-an! Mo ní, "Ọdún mẹ́sàn-án, Ìyá! Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi ń sin àgbò! Kí ló dé tí ẹ ò bínú? Ẹ bú mi! Ẹ gbá mi létí!" Ó ní kí n má pariwo lé òun lórí, ó ti rẹ òun.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, báńkì gba sọ̀wédowó wọn padà. Náírà ni wọ́n san, iye tí báńkì ń kà á sí ni wọ́n sì fi ṣírò rẹ̀. Owó tó wọlé yẹn, tí a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn Hausa, kò tó ra ìdajì iye dọ́là tó wà nínú ìwé náà. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Ọmọkùnrin onítáì, mo gbọ́ pé wọ́n gbé e ga, wọ́n gbé e lọ sí ìlú míì. Kó máa gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbò. Èmi náà ń fi owó oṣù kún un. Bí tiwa bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni dọ́là ń gòkè ju tiwa lọ, ọdọọdún. Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Àlhájà, á dá a dúró, á ní, "Ìyá tíṣà ni kí ẹ máa pè mí." Àwọn èèyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é, wọ́n tún wá ń yìn ín sí i. N ó kàn dìde kúrò níbẹ̀.

Ó kú kí àwọn ọdún 1990 tó parí. Nígbà tí a ń múra àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, àbúrò bàbá mi mú ìwé ìpè tí àwọn onítẹ̀wé kọ wá sílé kí gbogbo wa wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. "Àlhájà" ló wà níwájú orúkọ ìyá mi, ní lẹ́tà ńlá.

Mo ní, "Ẹ yọ ìyẹn."

Àbúrò bàbá mi ní, "Kí nìyẹn?"

"Àlhájà. Ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé e síwájú orúkọ bàbá mi nísàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé aya Àlhájì."

Wọ́n bínú gan-an, wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní, "Ṣé orí rẹ pé báyìí? Ìyá tí gbogbo àdúgbò sìn lọ sí pápákọ̀, lo fẹ́ já oyè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn? Ẹ̀gbọ́n mi tí kò fẹsẹ̀ kan bàálù rí, ìgbà wo ni wọ́n lọ Mẹ́kà?"

Mo ní, "Ọdún tí ìyàwó wọn lọ náà ni."

Wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó, wọ́n bèèrè báírò, wọ́n sì fa ìlà pa "Àlhájà" rẹ́.